Bí Ajẹ́lẹ̀ Ṣe Mú Ìjọba Gba Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Wọlé

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Èrèlé, 1978

Ìwé tuntun. Ajẹ́lẹ̀ ló fún mi. Ó ní, "Averil, ojoojúmọ́ ni ìjọba ń kọ nípa wa. Ìwọ náà kọ tìrẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí o kọ o. Má fi iyọ̀ sí i."

Èmi! Kí n má fi iyọ̀ sí i! Èmi tí mo sọ fún gbogbo kíláàsì pé bàbá mi ló ni òkè tó wà láàárín erékùṣù Nevis, tí wọ́n sì gbà mí gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko!

Ó dáa. Láìsí iyọ̀: ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí, Chapeltown, nílùú òyìnbó, ni mò ń gbé. Ìyá wa kú lóṣù Kẹwàá. Nígbà tó wà ní ọsibítù, aládùúgbò gbà mí sọ́dọ̀, ìjọba sì mú àbúrò mi Rawle, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. "Ọ̀sẹ̀ méjì péré," wọ́n ní. Ó ti di oṣù mẹ́fà. Bíńtín ni mo ń pe Rawle. Mama, ìyá tó bí ìyá wa, ti wọ bàálù láti Nevis wá tọ́ wa. Èmi ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọn ò tíì fún un ní Bíńtín.

Ajẹ́lẹ̀ ni mo ń pe Ìyáàfin Ìsmay Liburd, nítorí pé ìjọba ló rán an wá. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ni, àwọn tí ìjọba máa ń rán wọ ilé onílé láti wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ. Òun ni dúdú àkọ́kọ́ tí ọ́fíìsì yẹn gbà, òun nìkan ló ṣì wà níbẹ̀. Tó bá ń bọ̀ ní títì, àwọn ọmọ ìta ń ju sìgá sápò láì pa á, àpò ń rú èéfín. (Ẹ̀ẹ̀kan ni. Ṣùgbọ́n mo rí i.)

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Èrèlé

Ọ̀gbẹ́ni Haddow wá láti ọ́fíìsì wẹ́fíà. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Bíńtín wà, kì í ṣe ọwọ́ Ajẹ́lẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Bírò. Bírò mẹ́rin ló fi há àpò àyà, ọ̀kan tún wà létí.

Mama ti ń nu pálọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Pálọ̀ yẹn! Ọdún mẹ́jọ ni ìyá mi fi rán ṣòkòtò ní ilé iṣẹ́ aṣọ kó tó kó o jọ. Àga pupa tí a fi ọ̀rá bò. Ẹja onígíláàsì. Aṣọ kóróṣé orí tábìlì tí wọ́n fi omi ṣúgà mú le, tó nà ṣánṣán. Jésù lára ògiri kan, Ọbabìnrin lára èkejì, wọ́n ń wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó ń jókòó níbẹ̀ àfi pásítọ̀ àti òkú. Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ìyá mi sí fún ọjọ́ kan kí wọ́n tó gbé e lọ. Kò sí iyọ̀ nínú ìyẹn.

Bírò jókòó, ọ̀rá ń ké lábẹ́ ìdí rẹ̀. Mama wọ ìbọ̀wọ́, ó gan bí ère. Bírò wá kọjú sí mi, ó ní ṣé ibí la máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́.

Mo ní, "Níbí kẹ̀? Ọmọdé kan kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ibí. Jésù gan-an máa bọ́ bàtà. Bí mo bá fìdí kan àga yẹn, ẹ ò ní rí egungun mi sin!"

Fọ́ńté ni mò ń fọ́n o! Mo fẹ́ kó mọ̀ pé a ní pálọ̀ tó jẹ́ pálọ̀. Bírò kọ ọ́. Ó kọ, ó kọ, ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbiná.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Èrèlé

Ìròyìn Bírò ti jáde. Ajẹ́lẹ̀ ló wá sọ fún wa, kò tilẹ̀ bọ́ kóòtù. Ilé mọ́, ṣùgbọ́n ó tutù. Kò sí ohun ìṣeré. Kò sí àmì pé ọmọ ń gbé ibẹ̀. Ìyá àgbà ń fi ìyà dẹ́rù ba ọmọ. Nítorí náà, kí wọ́n fi Rawle fún tọkọtaya kan létí òkun tọ́ títí yóò fi dàgbà. Ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí rẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀.

Mama kò sunkún. Ó kàn ń béèrè léraléra, "Ta ló sọ fún un pé mò ń dẹ́rù ba ọmọ? Ìsmay, ta ló sọ fún un?"

Mo wo bàtà mi. Mo wò ó fún bí ọdún márùn-ún.

Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ní. Tèmi kì í ṣe ẹyin mọ́, odindi adìẹ ni, ó sì ti sá lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Èrèlé

Ọjọ́ ìsinmi Ajẹ́lẹ̀. Ó fi mú mi lọ wo Bíńtín.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kígbe, "Ìsmay! Wá já tíkẹ́ẹ̀tì, a ò rẹ́ni!" Àṣé ọdún mẹ́sàn-án ló fi já tíkẹ́ẹ̀tì nínú bọ́ọ̀sì yẹn, tó ń lọ sí kíláàsì àṣálẹ́ pẹ̀lú ọmọ méjì lọ́wọ́. Mo ní kó sọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì fún mi. Ó ní obìnrin kan kí òun káàárọ̀, ó sì gbé garawa àti ọ̀pá ìnulẹ̀ lé òun lọ́wọ́.

"Kí lẹ wá ṣe, mà? Ẹ dà á lé e lórí?"

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbin òdòdó sínú garawa náà, mo gbé e sórí tábìlì mi. Ó ń bomi rin ín fún mi báyìí."

Tí ó bá jẹ́ èmi ni, ọlọ́pàá ì bá ti dé.

Ara Bíńtín gbẹ, ó funfun bí ẹfun, irun rẹ̀ ti di kókó. Obìnrin tó ń tọ́jú wọn kò burú, kò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ajẹ́lẹ̀ kò pariwo. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó yọ òòyà àti ìpara jáde nínú báàgì, ó fi Bíńtín sáàárín orúnkún. "Ẹ súnmọ́ bí, mà. Láti orí irun lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ má fà á láti ìdí." Kó tó parí, ọmọ dúdú mẹ́rin mìíràn ti tò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣe gbogbo wọn. Àwọn ọmọ náà ń fọwọ́ kan orí ara wọn bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Nígbà tí à ń padà, mo jẹ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ pátá. Ajẹ́lẹ̀ ká tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀ di kékeré. Ó wá ní, "Jésù máa bọ́ bàtà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo rò pé ẹkún ló ń mú èjìká rẹ̀ gbọ̀n. Ẹ̀rín ni! Ṣùgbọ́n nígbà tó dáwọ́ dúró, ojú rẹ̀ le. "Ẹnu rẹ dùn, Averil. Ìwé ìjọba kò mọ àwàdà. Ìwọ fúnra rẹ lo máa ṣàtúnṣe rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀." Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ nìkan. Ẹni tó bá gba iwájú wọ ilé wa kò tíì rí wa."

Ọjọ́rú, 22 Èrèlé

Ogun lónìí. Ajẹ́lẹ̀ ní òun ti bá ọ̀gá òun jà, Bírò gbọ́dọ̀ padà wá, ó sì gbọ́dọ̀ jókòó ní ilé ìdáná.

Mama fò dìde. "Ilé ìdáná! Ṣé orí rẹ pé, Ìsmay? Kí n gba ìjọba níbi tí mo ti ń gé orí ẹja?"

"Ibẹ̀ ni ọmọ ń gbé, Màmá."

"Mo mọ ìyá rẹ ní Gingerland, ní Nevis lọ́hùn-ún! Àga kan ṣoṣo ló ní láyé, àlejò ló sì ń jókòó sí i!"

"Òótọ́ ni, Màmá. Ilẹ̀ ni àwa ọmọ ń jókòó. Tí àlejò yẹn bá kọ̀wé nípa ilé wa, á ní kò sí ọmọ níbẹ̀."

"Pálọ̀ ni. Ọmọ mi kò rán ṣòkòtò títí ó fi kú kí n wá fi àlejò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdọ̀tí." Ohùn Mama já nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ajẹ́lẹ̀ tẹríba. "Ó dáa, mà. Pálọ̀. Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́ta."

Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó rọra ní, "Averil, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yín, ṣé ẹ máa ń tì í lọ́jọ́ ìsinmi?"

"Rárá, mà. Ọgọ́rùn-ún èèyàn ló ń gba ibẹ̀."

Ó wò mí.

"Mẹ́fà, mà."

Ọjọ́ Àìkú, 26 Èrèlé

Aago kan ọ̀sán! Kì í ṣe mẹ́ta! Ajẹ́lẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ kú ilé o," Bírò sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí adìẹ tí òjò pa.

Mama wà nídìí ọbẹ̀ ewúrẹ́, ìyẹ̀fun dé ìgúnpá, aṣọ ìdáná lára, kò sí ìbọ̀wọ́. Àwọn ọmọ aládùúgbò mẹ́ta wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń jẹun. Ìwé iṣẹ́ àmúrelé mi wà lórí tábìlì, ẹja oníyọ̀ wà lórí rẹ̀. Ooru mú débi pé gíláàsì ojú Bírò bò.

Mama wo Ajẹ́lẹ̀. Ìwò yẹn lè pa màlúù. Ṣùgbọ́n àlejò ti dé, ó sì ti bá ọbẹ̀, kí la fẹ́ ṣe? Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí sí i. "Jókòó, ọ̀gbẹ́ni. Ṣé o máa ń jẹ ata?"

Ó ní díẹ̀. Irọ́ ńlá. Omijé dá lójú rẹ̀, ó sì tún bu sí i.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò káàkiri. Ó rí ibi tí ìyá mi fi ọ̀bẹ sàmì sí lára férémù ilẹ̀kùn, bí Bíńtín ṣe ń ga. Ó rí kọ́ọ̀bù kékeré aláwọ̀ ewé tó kọ́ sórí ìṣó, tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ó béèrè ẹni tó ni ín.

"Ti Rawle ni."

"Ṣé ó ti wá síbí láìpẹ́ ni?"

Mama ní, "Rárá. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń fọ̀ ọ́, kí eruku má bà á kí ó tó dé."

Bírò mú bírò jáde. Kò kọ nǹkan kan. Ó fi í sápò padà.

Ọjọ́ Ajé, 27 Èrèlé

Mama lóun ò bá Ajẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ó sì fi odindi ìkòkò ọbẹ̀ ewúrẹ́ rán mi sí i. N kò lóye àgbà.

Ọjọ́bọ̀, 9 Ẹrẹ́nà

Ènìyàn márùn-ún, tábìlì kan. Bírò dìde, ó ní òun fẹ́ yí ìròyìn òun padà, òun kò wo ibi tó yẹ. Ó gba ìgboyà láti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ọ̀gá ẹni. N kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. (Títí di ọ̀la.)

Ó kàn mí. Mo ní: èmi ni mo sọ pé ọmọdé kò gbọ́dọ̀ wọ pálọ̀. Mò ń fọ́nnu ni. Pálọ̀ ìyá mi ni, a ń tọ́jú rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ilé ìdáná là ń gbé. Ó gbóná níbẹ̀.

Obìnrin àgbà tó wà láàárín ní, "Ṣé ìyá rẹ àgbà ti nà ọ́ rí?"

Irọ́ ti dé ahọ́n mi, irọ́ dídán, irọ́ aláràbarà. Mo wo Ajẹ́lẹ̀. Kò wò mí. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan, mà. Sálúbàtà. Mo da iyọ̀ sínú ṣúgà pásítọ̀."

Mo rò pé mo ti ta Mama, mo ti ta àbúrò mi. Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Ṣé pásítọ̀ mu tíì náà?"

"Ó mu ún tán, mà. Ó ní ó dùn."

Wọ́n ní ká lọ dúró ní ìta. Ogún ìṣẹ́jú. (Ogún gan-an ni, mo wo aago.) Ajẹ́lẹ̀ jáde. Ó di Mama mú, ó ní, "Rawle ń bọ̀ nílé." Mama ń lu ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́: "Ọmọ Gingerland burúkú. Ọmọ burúkú. Ọlọ́run á bù sí ayé rẹ."

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Ẹrẹ́nà

Ọlọ́run, ẹ ṣé. Èmi Averil ni. Ẹ mọ̀ mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Ẹrẹ́nà

Ajẹ́lẹ̀ mú Bíńtín wá sílé pátápátá. Mama gbé oúnjẹ ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì kalẹ̀. Bíńtín jẹ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó gun ẹ̀yìn mi bí ẹṣin. Mo ní ó dáa, ó ti tán.

Aago mẹ́rin lù. Bíńtín sọ̀ kalẹ̀. Ó lọ mú kóòtù rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó di bọ́tìnnì dé ọrùn. Ó dúró níwájú Mama, ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ kí n wá, mà." Ó sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ẹni tó máa mú un padà.

Mama kò lè sọ̀rọ̀. Èmi náà. Èmi!

Ajẹ́lẹ̀ ló dìde. Ó gbé báàgì, ó wọ kóòtù tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Rawle, èmi ni mò ń lọ. Èmi ni àlejò. Ìwọ lo máa sìn mí sóde."

Bíńtín wò ó pẹ́. Ó wo Mama. Ó wá ṣílẹ̀kùn fún un. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń juwọ́ sí i títí ó fi yà ní ìparí títì.

Bíńtín wọlé, ó tilẹ̀kùn. Ó bọ́ kóòtù, ó jù ú sílẹ̀. Ó ní ebi tún ń pa òun.