Ohùn Pínnì-Lẹ́nu

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Àwọn eléré orí ìtàgé ní ìlú Bari fẹ́ gbọ́ bí mo ṣe ń sín ohùn èèyàn jẹ ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Àǹtí Addolorata — Pínnì-Lẹ́nu, torí pínnì kì í kúrò ní ètè rẹ̀ — ní rárá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìgbéyàwó Ornella. Òun ló gé aṣọ ìyàwó náà, èmi ni mò ń bá a rán an. Lọ́dọ̀ wa, a máa ń fi ìwọ̀n ìka kan sílẹ̀ ní ìṣẹ́tí láìrán, ó di ìgbà tí ìyàwó bá wọ̀ ọ́ tán láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Ìwọ Nunzia ni wàá bá mi gbé àpótí ìránṣọ lọ. O sá nílé ìwé, o ò ní sá níbí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Funfun. Funfun. Funfun. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo ti ṣe é! Àǹtí lọ ra léèsì. Mo ki pínnì mẹ́ta sí ètè, mo fi ohùn rẹ̀ pe Ornella lórí fóònù: "Ọmọ mi, obìnrin tí ò lọ́kọ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aṣọ rẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà o. Má jẹ́ kí Nunzia sún mọ́ ọ." Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Díẹ̀ ló kù kí n gbé pínnì mì. Bari, mò ń bọ̀!

Ọjọ́ Àìkú, 9
Yéè. Àǹtí fúnra rẹ̀ ò lọ́kọ rí.

Ọjọ́rú, 12
Ìyá Ornella ti ròyìn ká ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mẹ́rin ti kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn. Lónìí, ìyá náà fúnra rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa: "Ẹ má bínú, mà. Àbúrò mi tó wà nílé ọkọ ló máa rán ìṣẹ́tí náà. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́?" Àǹtí ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. "Ṣé Ornella ò mọ ohùn yín ni?"
Ọgbọ̀n ọdún nídìí aṣọ ìyàwó. Àǹtí yọ pínnì lẹ́nu, ó jókòó. Ó wò mí pẹ́.
Tí mo bá dákẹ́, mo lọ sí Bari. Tí mo bá dákẹ́, ó parí fún Àǹtí.

Àbámẹ́ta, 15
Bọ́ọ̀sì Bari gbéra ní aago mẹ́jọ. Aago mẹ́jọ, ilé Ornella ni mo wà. Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ lójú wọn ní ohùn Àǹtí, láti orí "Ọmọ mi" títí dé òpin. Ìyá Ornella kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi bóyá Àǹtí wà níbẹ̀. Ìgbà náà ló gbá mi létí. "Ọmọ burúkú! Sáré lọ pè é wá!"
Àǹtí wá. Ó kúnlẹ̀, ó rán ìṣẹ́tí náà pa, ó fi eyín já òwú.
Ojú ọ̀nà ilé ló tó sọ̀rọ̀. "Láti Ajé, ìwọ ni wàá máa gbé fóònù. Ohùn mi ni kí o máa lò. Pe àwọn ìyàwó tó kó aṣọ lọ padà níkọ̀ọ̀kan."
"Títí di ìgbà wo, mà?"
"Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ̀rọ̀, Nunzia."
Kò bínú rárá. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.