Ọjọ́ Tí Mo Lọ Kí Ìjọba ní Kóòtù

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́, yàrá tí ẹ̀ ń pín gbé yẹn ńkọ́, ṣé òrùlé rẹ̀ ò jò mọ́? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kà lórí ìdúró. Àwa náà wà, ọpẹ́ ni. Bàbá yín ní kí n kí ọ. Orúnkún wọn ṣì máa ń dùn wọ́n bí òjò bá ń bọ̀, ó sì ti di pé àwọn ará àdúgbò ń wá bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó sá aṣọ. Ewúrẹ́ wa ti bímọ. Fóònù tí o fi ránṣẹ́ ń ṣe dáadáa, mo máa ń pa á lálaalẹ́ kí òun náà lè sùn, nítorí náà bí o bá pè tí kò wọlé, má bínú, ó ń sinmi ni. Ní ti ọkùnrin tí o ní o fẹ́ mú wálé, èyí tó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé òkú ní ọsibítù, mo ti sọ tèmi kí n tó pa fóònù lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní í tún un sọ níhìn-ín.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé mo pe Ìjọba lẹ́jọ́, a jọ dé kóòtù, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi rìn padà wálé. Jọ̀ọ́, tún ibẹ̀ kà kí o tó máa kà á lọ.

O mọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ ìlọta mi. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń wọlé láti ìgbà tí orúnkún bàbá yín ti sọ pé òun ò lọ sóko mọ́, owó ibẹ̀ náà ló rán ọ níléèwé. Mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mi lọ́wọ́, mo bá àgádágodo tí kì í ṣe tèmi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ìjọba ìbílẹ̀ ti ti ibẹ̀ pa. Àgbàdo tí oníbàárà kan ti rẹ sílẹ̀ ṣì wà nínú ilé, òórùn rẹ̀ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde wá kí mi.

Àwọn wolé-wolé ló ṣe é. Wọ́n ní ẹnì kan fẹjọ́ sùn pé ẹ̀rọ mi ń pariwo, èéfín rẹ̀ sì ń wọ yàrá òun. Kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n dárúkọ onítọ̀hún fún òun. Bàbá Ẹ-rọra ni, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìntì tí wọ́n ń gbé lẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀bù wa, tí wọ́n máa ń bá àkùkọ jà pé ó tètè kọ. Mo lọ bá ọ̀gá àwọn wolé-wolé ní ọ́fíìsì rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ó ní kò sí àlàyé kankan, Ìjọba ti sọ̀rọ̀. Mo bi í pé nígbà wo ni Ìjọba sọ̀rọ̀ tí èmi ò sí ńlé. Kò gbójú kúrò nínú ife tíì rẹ̀, ó ní kí n máa lọ.

Ọmọ mi, mo sunkún délé. Mi ò sọ fún ọ nígbà yẹn nítorí mo mọ̀ pé wàá kó owó ilé rẹ ránṣẹ́. Mo rò ó títí, mi ò rí ohun tá a ó máa jẹ bí ẹ̀rọ yẹn bá dákẹ́.

Ìyàwó télọ̀ ló sọ fún mi pé àwọn lọ́yà kan wà lókè ilé ìfìwéránṣẹ́ tí wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní. Mo gun òkè lọ. Obìnrin kékeré kan ni mo bá, mo kọ́kọ́ ní kó bá mi pe ọ̀gá rẹ̀, àṣé òun gan-an ni. Ó bi mí bóyá wọ́n fún mi níwèé kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ní rárá. Ó bi mí bóyá wọ́n pè mí kí n wá sọ tẹnu mi. Mo ní rárá. Inú rẹ̀ wá dùn, ó ní ó yá, a ó pe Ìjọba lẹ́jọ́. Mo dìde, mo gbé báàgì mi. Mo ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bí mo bá wá bá Ìjọba jà, ilẹ̀ ta ni kí n máa tẹ̀? Ó rọra mú mi jókòó. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé náà tán, mo rí i pé wọ́n kọ orúkọ mi sókè, wọ́n kọ ti Ìjọba sísàlẹ̀. Ara mi kò gbà á. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi yí i padà, pé kò yẹ kí èmi máa jókòó lé Ìjọba lórí. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń wà lókè. Mo fi ìka tọ́ orúkọ mi wò bóyá yíǹkì rẹ̀ ti gbẹ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo múra láti pàdé Ìjọba. Mo lọ aṣọ mi tó dára jù. Mo mú tìmùtìmù kan dání kí wọ́n lè fi jókòó, nítorí àgbàlagbà ni wọ́n, kí wọ́n tó bí ìyá mi ni wọ́n ti wà láyé, mi ò sì tíì gbọ́ pé wọ́n kú. Mo rọ omi tútù sínú fúláàsìkì. Nígbà tí mo dé inú kóòtù, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ dúdú, tó jókòó síbi tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Ìjọba, òtútù imú ń dà á láàmú. Mo ní, háà, Ìjọba ti tún ara ṣe, ó ti di ọmọdé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo béèrè ará ilé, mo dúpẹ́ ẹ̀rọ omi tí wọ́n ri sí ìkóríta wa bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì sun omi. Ọmọkùnrin náà sáré gbé mi dìde, ó ní kí n má bínú, òun kọ́ ni Ìjọba, òun kàn ń gbẹnu sọ fún un ni. Mo bi í pé ṣé ara Ìjọba ò yá ni. Ó ronú díẹ̀, ó ní ó máa ń yàtọ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo bu omi fún un, mo sì fún un ní ìpara orúnkún bàbá yín pé kó fi ra imú.

Adájọ́ wá wọlé, gbogbo wa dìde, àtèmi àti Ìjọba, a dìde pọ̀. Obìnrin ni adájọ́ náà. Wọ́n dé irun funfun kan tí kì í ṣe tiwọn, nínú ooru yẹn. Lọ́yà mi ní wọ́n ń dé e kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀gbọ́n tàbí àna rẹ̀ níbẹ̀, kó jẹ́ adájọ́ nìkan ni yóò rí. Ẹnu yà mí, àánú wọn tó ń ṣe mí sì tán.

Adájọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin òtútù pé níbo ni wolé-wolé ti rí agbára láti ti ṣọ́ọ̀bù ìyá yìí. Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó kà á pé agbára náà wà. Mo nawọ́ sí báàgì mi. Adájọ́ ní kó máa kà á lọ. Ó wúkọ́. Wọ́n dúró dè é. Ó wá kà á pé wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ni ibẹ̀, wọn yóò sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Adájọ́ béèrè bóyá wọ́n sọ fún mi. Ọmọkùnrin náà wo ọ̀gá wolé-wolé, ọ̀gá wolé-wolé sì ń wo fáànù. Adájọ́ ní ìwé tó fún wọn ní àgádágodo náà ló fún wọn ní etí, wọn ò gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan kí wọ́n fi ìkejì sílẹ̀. Wọ́n ní kò sí òṣìṣẹ́ tó jogún agbára lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, òfin ló yá a, ó sì wọn ọ́n fún un, èyí tó bá ṣe kọjá ìwọ̀n yẹn, bí ẹni pé kò ṣe é ni. Wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣí ilẹ̀kùn mi kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá mi tí kò mọ ìwé kà máa ń sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo rò pé ọ̀rọ̀ inú agboolé lásán ni. Mi ò mọ̀ pé ó lè gòkè débi tí Ìjọba wà, kó sì mú un jókòó.

Mo dìde, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ adájọ́ pé wọ́n sọ pé mo jàre. Wọ́n ní àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò sọ pé ẹ̀rọ mi ò pariwo, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tiwọn. Kí ìjọba ìbílẹ̀ pè mí, kí wọ́n gbọ́ tèmi dáadáa, bí wọ́n bá sì gbọ́ tán tí ó tọ́ kí wọ́n ti ibẹ̀, wọ́n lè tì í. Mo bi lọ́yà mi pé ẹ̀yìn ta ni adájọ́ yìí wà gan-an. Ó ní kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Mo ronú sí i títí mo fi délé. Irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi tí mo fi ń dá a dúró. Ẹ̀rọ tí kò bá ní irin yẹn, ó lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé àgbàdo lọ síbẹ̀?

Wọ́n pè mí lóòótọ́. Ọ̀gá wolé-wolé fúnra rẹ̀ fà mí ní àga, mo wo àga náà lẹ́yìn kí n tó jókòó. Mo sọ tèmi, ó gbọ́. Bàbá Ẹ-rọra náà sọ tiwọn. Àṣé ìyàwó wọn, tí gbogbo wa rò pé ó lọ kí ọmọ, orí ibùsùn ló wà, àyà ló ń dà á láàmú, yàrá tí èéfín mi ń wọ̀ ló sì dùbúlẹ̀ sí. Ojú tì mí. Àwa tá a jọ ń lo ògiri kan, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì rí. Wọ́n dá a báyìí pé ẹ̀rọ mi yóò máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò gbọ́dọ̀ tàn án kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, n ó sì ri páìpù gígùn kan tí yóò gbé èéfín gba orí òrùlé. Mo fọwọ́ sí i. Ọmọkùnrin òtútù sì fi fúláàsìkì mi tí mo gbàgbé sí kóòtù ránṣẹ́, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó ra ìpara tuntun sí i. Ẹni tó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, mo rò pé kò mú omi dání lọ ni.

Nítorí náà, ọmọ mi, jọ̀ọ́ fi owó páìpù ránṣẹ́, irú èyí tó nípọn, àti ti bẹ́líìtì ẹ̀rọ bí ó bá kù. Má fi sínú fóònù, torí ó lè sùn lé e.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mo ń ròyìn gbogbo èyí fún bàbá yín lálẹ́ àná, pé ọ̀gá wolé-wolé ò tilẹ̀ jẹ́ kí n la ẹnu. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ń ra orúnkún wọn, wọ́n wá bi mí wẹ́rẹ́ pé ta ni wolé-wolé inú ilé tiwa. Mo rántí fóònù tí mo pa mọ́ ọ létí. Mi ò sì rí oorun sùn bọ̀rọ̀.

Mú ọkùnrin yẹn wá. Mi ò sọ pé màá gbà o, adájọ́ náà ò ṣèlérí fún mi. Ṣùgbọ́n màá fún un ní àga, tìmùtìmù tí mo gbé lọ fún Ìjọba ni màá sì tẹ́ sórí rẹ̀. Màá jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán kí n tó la tèmi. Kó ṣáà gbé ọkọ̀ yẹn sí ìkóríta.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀. Ẹni tó bá ní agbára lórí rẹ, yóò ní etí pẹ̀lú. O ò ní í dé ẹnu ọ̀nà tìrẹ kí o bá àgádágodo ẹlòmíràn. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sókè.