Àìsàn Àbúrò Rẹ Ti Lórúkọ

Àkọ́bí mi, ọmọ tó ń jẹ́ kí n lè gbórí sókè láàárín ẹgbẹ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ọkọ rẹ ń ṣe dáadáa, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ilé tí ẹ ń gbé yẹn, tí ẹlòmíràn tún ń gbé lórí yín, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àwọn ará òkè já lù yín o. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò tíì fúyẹ́. Ewúrẹ́ wa ti bímọ, atẹ́gùn ti ṣí páànù ẹ̀yìn ilé, ṣùgbọ́n má fòyà, ìròyìn ayọ̀ ni mo ń mú bọ̀, mo kàn ń rọra mú un bọ̀ ni, kí ayọ̀ má baà gbé ọ ṣubú lórí àtẹ̀gùn yín ọ̀hún.

Àìsàn àbúrò rẹ ti lórúkọ.

Ìwọ náà mọ ohun tí ojú wa ti rí. Láti kékeré, bó bá ti di nǹkan mú, ọwọ́ rẹ̀ kì í tètè tú. Bí ajá bá gbó mọ́ ọn lójijì, gbogbo ara rẹ̀ á le, á sì ṣubú gbì. Àárọ̀ ló máa ń burú jù, bó bá ti ń ṣiṣẹ́ títí, ọwọ́ á wá máa rọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó ti ń gẹrun, oníbàárà tó bá kọ́kọ́ dé ló máa ń jìyà. Ohun tí n kò sọ fún ọ lórí fóònù ni pé lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwé ló kọ́kọ́ dé. Àbúrò rẹ di etí rẹ̀ mú kó lè gẹ ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, kò sì lè fi í sílẹ̀ mọ́. Ọkùnrin tó ti fa etí gbogbo ọmọ àdúgbò yìí, òun náà wá mọ̀ pé etí ń dunni. Ó pariwo pé àfojúdi ni, ọ̀gá onígbàjámọ̀ sì ní kí àbúrò rẹ máa lọ sílé.

Ọmọ mi, ohun tó wá dùn mí jù ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọwọ́ bọ àpò nígbà gbogbo. Kò bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Àwọn kan ní olóríkunkun ni, àwọn kan ní ọwọ́ olè ló ní, pé nǹkan kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà sì ti fẹ́ máa gbà wọ́n gbọ́. Mo máa ń wò ó tó bá jókòó sẹ́yìn ilé, ọkùnrin tó mọṣẹ́ tó báyìí, mo sì máa ń bi ara mi pé ṣé bí ọmọ mi ṣe máa lo ayé rẹ̀ nìyí.

Nígbà tí dókítà tuntun dé sí ọsibítù, mo wọ́ ọ lọ síbẹ̀. Dókítà mú òòlù jáde. Mo bi í pé kí lọmọ mi ṣe tó fi fẹ́ kan án mọ́lẹ̀. Ó ní òòlù onírọ́bà ni, ó fi lu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ká wọlé, kò padà bọ̀rọ̀. Ó wá fi abẹ́rẹ́ sí i lápá, okùn abẹ́rẹ́ náà lọ sára ẹ̀rọ kan, àfi bí ẹ̀rọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí alùpùpù tó ń gun òkè. Mo wo abẹ́ tábìlì, n kò rí alùpùpù. Dókítà ní ariwo iṣan àbúrò rẹ ni. Mo ní ọ̀rọ̀ ti yé mi wàyí, ta ni alùpùpù wà lápá rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ máa dúró nígbà tí wọ́n bá ní kó dúró? Mo tún béèrè bóyá ó yẹ ká máa yí ọ́ìlì rẹ̀ padà. Dókítà kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.

Nígbà tó kọjú sí wa, ó jókòó, ó là á yé wa. Ó ní àìsàn iṣan ni, inú oyún ló ti gbé e wá, kì í ṣe oríkunkun, kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ó ní kì í pani. Ó ní oògùn wà tó máa jẹ́ kó rọ̀. Ó wá dárúkọ rẹ̀, orúkọ náà gùn débi pé bàbá rẹ ṣì ń kọ́ ọ títí di òní. Ọmọ mi, mo sunkún níbẹ̀. Ara mi fúyẹ́ bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù igi kalẹ̀ lórí mi. Ohun tó bá lórúkọ, a lè bá a sọ̀rọ̀.

Dókítà wá ní àwọn tó ní irú rẹ̀ kò pọ̀ rárá, pé nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ó lè má ju ẹnì kan lọ. Mo ní ó dáa, níbo ni àwọn tó kù ń gbé, ká lọ kí wọn? Nítorí bí àwọn tó ní nǹkan bá kéré báyẹn, ẹbí ni wọ́n, a kì í sì í ní ẹbí ká má mọ ilé wọn. Dókítà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ohun tí àwọn dókítà náà ń wá nìyẹn, pé ìtìjú ń jẹ́ kí àwọn òbí máa fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sínú yàrá, ẹlòmíràn á sì dàgbà, á kú, kò ní mọ orúkọ ohun tó ń ṣe òun. Ó ní ọjọ́ kan tilẹ̀ wà lọ́dún tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn àìsàn tí kò wọ́pọ̀, kí gbogbo ayé lè gbọ́ nípa wọn. Mo ní ọjọ́ kan péré kẹ̀, nígbà tí àìsàn kì í lọ sí ìsinmi? Ó bẹ àbúrò rẹ pé kó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Àbúrò rẹ rò ó títí kó tó gbà.

Nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù ọ̀hún ní òun máa wá sílé wa lọ́jọ́ náà, pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló máa wò ó. Háà! Mo gbá àgbàlá, mo yá bẹ́ńṣì lọ́wọ́ káfíńtà, mo pọnmi kún àgbá méjèèjì. Nígbà tí àkókò tó, nọ́ọ̀sì nìkan ló dé, òun àti fóònù tó fi sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ojú tì mí. Mo ní àwọn èèyàn náà ti já wa kulẹ̀. Ó ní rárá o, inú fóònù ni wọ́n wà. Mo yọjú wò ó, mo kí wọn pé ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ jókòó. Wọ́n wá lóòótọ́, wọn kò kàn jókòó ni. Bí àbúrò rẹ ṣe yọ ọwọ́ lápò tó ń fi hàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn pupa kéékèèké ń fò jáde nínú fóònù. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra, ẹni tó bá yọ ọkàn rẹ̀ fún wa, kí ló máa fi délé?

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti yí padà. Ọ̀gá onígbàjámọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó padà síṣẹ́. Ní báyìí, bó bá dé láàárọ̀, á kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ gbogbo táwẹ́ẹ̀lì, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi rọ̀, kó tó fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni. Oògùn náà sì ń ṣiṣẹ́, àfi bó bá ń kánjú. Ọ̀gá ilé ìwé náà ti ń wá, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wá.

Owó tí mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́, ti páànù ni, àti owó ọkọ̀. Sọ fún àwọn ará báńkì pé kí wọ́n di tèmi lọ́tọ̀, kó má lọ dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Mo fẹ́ rìnrìn àjò lọ kí obìnrin kan ni.

Ó wà lára àwọn tó wà nínú fóònù lọ́jọ́ yẹn. Ó wá sílé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, láti ọ̀nà jíjìn, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti ń fi pamọ́ sílé láti ìgbà tí wọ́n ti lé e kúrò níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ọmọ náà kò gbójú sókè. Àbúrò rẹ na ọwọ́ sí i, ó pẹ́ kí òun náà tó na tirẹ̀. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ lè tú nínú àwọn méjèèjì. Ìyá rẹ̀ bá sáré dìde, ó ní ká jọ̀wọ́ ká má bínú, kì í ṣe àfojúdi, ọwọ́ ọmọ òun ni kì í tètè gbọ́. Àkókò kan náà ni èmi náà ti dìde, tí mo ń bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan náà gẹ́lẹ́. A wo ara wa. Lẹ́yìn náà ni àwa méjèèjì jókòó padà, nítorí kò sí ẹni tí a fẹ́ bẹ̀. Ọmọ mi, ọwọ́ wọn ti tú tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó fi ọwọ́ ara wọn sílẹ̀.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní àlọ àti ní àbọ̀. Ohunkóhun tó bá fẹ́ wúwo lọ́wọ́ rẹ láyé, o kò ní wá ẹni tí ẹ ó jọ gbé e tì.

Èmi ni, ìyá rẹ tó bí ọ.