Ilẹ̀kùn Tí Ìyàwó Kò Gbọdọ̀ Lè Tì

Olóòtú ètò wa, ẹ kú làálàá ọ̀rọ̀ aráyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, ẹ má dárúkọ mi. Káfíńtà ni mí, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kó mi nírìíra.

Ọ̀rẹ́ ọ̀gá wa kan, Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é, gbé ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Àmì bàtà ṣì wà lára ilẹ̀kùn náà.

Ó ní, "Mo fẹ́ na ìyàwó mi, ló bá sá wọ yàrá, ó tìlẹ̀kùn. Mo bá fẹsẹ̀ já a. Ẹ bá mi tún un ṣe, àmọ́ ẹ yọ irin tó fi ń tì í láti inú."

Ẹ̀rín ni ọ̀gá àti gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bú sí! Àwọn àgbààyà!

Mo ní n kò ní fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá ní, "Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kò kàn ọ́."

Mo ní, "Ọ̀gá, bó bá jẹ́ ọkọ ọmọ yín ló gbé e wá ńkọ́?"

Ọ̀gá mú irinṣẹ́. Ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tú irin náà.

Ọ̀la ni àwọn ará ṣọ́ọ̀bù wa ń lọ kan ilẹ̀kùn náà padà nílé Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń gbọ́ mi, obìnrin yẹn ló máa ṣílé fún wọn. Ṣé "ẹ kú ilé" ni wọ́n máa kí i?