Oòrùn àti Ìràwọ̀ ní Imú Jámánì

Ọjọ́ Ajé, 24 Fẹ́búárì 1992

Jámánì, ọkọ̀ mi, tún dákú lónìí. Òkè Ìdímù náà ni, ọ̀sán gangan náà ni. Láàárọ̀, á máa sáré bí ọmọ tí wọ́n rán lọ sílé olóúnjẹ. Kí oòrùn kàn án lórí báyìí, ó di ìyá àgbà: á wúkọ́, á wúkọ́, á dúró. Nígbà ọyẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, kò ṣe báyìí. Ẹnì kan ń fọwọ́ kan nǹkan.

Mo fura sí Dókítà, ìyẹn Julius mẹkáníìkì, tó ń jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù l'Ẹ̀gbẹ́dá níbí. Ọkọ̀ tí kò bá ṣàìsàn, kí ni dókítà máa jẹ? Mo tún fura sí Máníjà — Olúgbénga, ọmọ tí mo bí. Òun ló ra ọkọ̀ yìí fún mi, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé ọkọ̀. Ní báyìí ó ti ń kábàámọ̀. Ó ní tó bá fi máa di ìparí Máàṣì tí ọkọ̀ náà ṣì ń dá mi dúró sí títì, òun ń tà á nìyẹn. Ó ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, kí ló ń wá kiri? Mo ní ọmọge ni. Kò rẹ́rìn-ín.

Tí wọ́n bá ta Jámánì, mo di ẹrù nìyẹn. Wọn á máa gbé mi síbí, wọn á máa gbé mi sọ́hùn-ún.

Ẹnì kẹta: oníbúrẹ́dì kan tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ó yọ sí mi ní oríta Ìdímù láti ibi tí kò sí ọ̀nà. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ ò rí mi ni?” Mo ní, ta ni ẹ́ tí n óò fi máa rí ẹ?

Aláìníbàtà nìkan, ìyàwó mi, ni n kò fura sí. Láti ọjọ́ tó ti wọ ìjọ aláṣọ funfun tí kì í wọ bàtà, àdúrà ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò mọ ìyàtọ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì sí búùtù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Fẹ́búárì

Àwọn oníwèé ìròyìn ti dín lẹ́tà wọn kù. Wọ́n ń ṣọ́ yíǹkì. Olè ni gbogbo wọn.

Ọjọ́bọ̀, 27 Fẹ́búárì

Ọ̀dọ̀ Dókítà. Ó fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ó mi orí. “Ooru ni, Bàbá. Ara rẹ̀ gbóná jù.” Ó rẹ àkísà sómi, ó fi wé ibi tó ń fa epo. Mo ní ìyàwó mi náà máa ń ṣe báyẹn fún ọmọ tí ibà bá ń ṣe, àmọ́ òun máa ń gbàdúrà sí i. Ó tún fi igi há abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ooru lè ráyè jáde. Mo wá ń wa ọkọ̀ tó ya ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí ń sùn nínú sáàmù.

A ò tíì dé Ìdímù tí àkísà ti gbẹ. Ó kú.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Máàṣì

Mo gbé Aláìníbàtà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Ìkọ̀tún. À ń bọ̀ wálé lọ́sàn-án, ó kú. Òun nínú sùtánà funfun, láìsí bàtà, títì ń jó bí agbada gààrí. Ó ń fò lókè-lókè bí ẹyẹ. Mo fún un ní bàtà mi, ó ní èèwọ̀ ni. Mo ní kó gun ẹ̀yìn mi. Ó ní, “Bàbá Gbénga, ẹ kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ yín ná.”

Ó fa ẹní ẹsẹ̀ jáde nínú ọkọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí títì, ó dúró lé e. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń kúnlẹ̀ fún un, wọ́n rò pé ìran ló ń rí. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Nígbà tó yá, ó sọ nǹkan kan: “Ó sàn kó dúró ju kó máa sáré lọ.” N kò bi í kí ló ń sọ. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó, kò sí ohun tí kò lè sọ.

Ọjọ́rú, 4 Máàṣì

Mo mú nǹkan lónìí. Fúnra mi ni mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, n kò gbára lé ojú, ọwọ́ ni mo fi ń wá a kiri. Agolo ńlá kan wà lórí ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń mí. Agolo yẹn ní imú. Imú yẹn gbóná jù. Mo tọ̀ ọ́ lọ: rọ́bà oníkókó kan ló ti ìdí imú náà lọ tààrà sí ara irin tí èéfín ń gbà jáde. Ta ló ń ti imú bọ ẹnu ààrò kó tó mí?

Mo ránṣẹ́ pe Dókítà. Mo ní òun ló so ó síbẹ̀. Ó fi ìyá rẹ̀ búra pé bó ṣe ti òkè òkun dé nìyẹn. Ìyá tó ti kú, ìbúra wo ló wà níbẹ̀?

Lára imú náà ni ọwọ́ kékeré kan wà tí wọ́n lè yí, àwòrán méjì sì wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ oòrùn. Èkejì jẹ́ ìràwọ̀. Ibi ìràwọ̀ ni ọwọ́ náà kọjú sí. Dókítà ronú títí. “Bàbá, oòrùn ló ni ọ̀sán, ìràwọ̀ ló ni òru. Òru ló tutù. Ibi tó yẹ kó wà ló wà yẹn.” Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Aláìníbàtà náà yọjú, ó ní ìràwọ̀ ló ṣamọ̀nà àwọn amòye. A fi í síbẹ̀. Dókítà gé páànù kan há àárín imú àti irin èéfín, ó ní ó parí.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Máàṣì

Ó kú. Òkè Ìdímù. Páànù ń dún gbàgàgbàgà, ó sì kú.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Máàṣì

Máníjà wá lẹ́yìn ìsìn, láti Akọ̀wọ́njọ. Ó bọ́ kóòtù, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó fẹ́ tà á, kí ló ń wá níbẹ̀? Mo dúró tì í kí ó má baà yọ nǹkan.

Ó tẹjú mọ́ àwòrán méjì yẹn, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ yọ káàdì Kérésìmesì tí Títí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, èyí tó wà lára ògiri pálọ̀. Ó gbé e sún mọ́ ojú mi. “Bàbá, ẹ wò ó. Irú rẹ̀ nìyí. Kì í ṣe ìràwọ̀. Òjò dídì ni.”

Ó wá ṣàlàyé. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, tí òtútù bá dé, wọ́n máa ń yí i síbi òjò dídì, kí imú ọkọ̀ lè máa fa atẹ́gùn gbígbóná láti ara irin èéfín. Tí ẹ̀ẹ̀rùn wọn bá dé, wọ́n á yí i síbi oòrùn, kó máa fa atẹ́gùn tútù láti ìta. Ọkọ̀ yìí wá láti inú òtútù wọn, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ti dé Ẹ̀gbẹ́dá. Láti ọjọ́ yìí wá ló ti ń yáná.

Ó yí i síbi oòrùn. Lọ́sàn-án gangan ni mo gbé e lọ dé ibùdókọ̀ Command, mo yí padà, mo gba ọ̀nà Ìdímù. Ó gun òkè yẹn bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé. Mo ń fun fèrè láìsí ìdí.

Kí ló dé tí Máníjà fi ràn mí lọ́wọ́, ṣá? Mo ń wò ó.

Nígbà tí Aláìníbàtà ń se ọbẹ̀, mo fi ọmọrí ìkòkò ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dáadáa báyẹn rí láti ọjọ́ tí mo fẹ́ ẹ. Ó ní, “Tó bá wà níbi ìràwọ̀, kò ní sáré?” Mo ní kò ní sáré, àti pé kì í ṣe ìràwọ̀. Ó ní òun gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Máàṣì

Kò sí ọkọ̀ tí n kò yà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Aláìníbàtà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni pé bíréèkì wà níbẹ̀. Mo ní ṣé ó fẹ́ jó ni.

Oníbúrẹ́dì yẹn tún yọ. Ó bẹ́ sínú gọ́tà, búrẹ́dì rẹ̀ dà sílẹ̀. Wọ́n rán an ni. Ẹnì kan ń rán ọkùnrin yẹn sí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Máàṣì

Ó kú lórí òkè. Mo ṣí i. Ibi ìràwọ̀ ló wà.

Ọjọ́bọ̀, 19 Máàṣì

Mo ti yí i síbi oòrùn ní ìjẹta. Lónìí, ó tún ti lọ síbi ìràwọ̀. Irin kò ní ẹsẹ̀. Máníjà ní kọ́kọ́rọ́ kejì. Dókítà ń kọjá níwájú ilé wa láràárọ̀, á dọ̀bálẹ̀ jù bó ṣe yẹ. Àwọn méjèèjì ti jọ mulẹ̀. Ìparí oṣù ti dé tán, Máníjà ń fẹ́ kí ọkọ̀ kú kó lè rí ìdí tà á.

Kí n fi gíríìsì pa ọwọ́ kékeré yẹn, kó lè hàn lára olè. Àmọ́ ọwọ́ Dókítà ti dúdú láti inú ìyá rẹ̀. Mo nílò àwọ̀ mìíràn.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Máàṣì

Osùn.

Mo lọ sọ́dọ̀ Àdíját tó ń ta osùn àti àdín ní Ìkọ̀tún. Ó wò mí látòkè délẹ̀. “Bàbá, ta ló bímọ?” Mo ní ìyàwó kékeré mi ni, ará Jámánì. Ó ní, “Ẹ kú ewu ọmọ o, Bàbá. Akọ ni àbí abo?” Mo ní a ò tíì mọ̀, imú rẹ̀ la ṣì ń tọ́jú. Ó ń rẹ́rìn-ín títí tó fi bá mi dì í.

Mo fi àdín pò ó, mo fi pa abẹ́ ọwọ́ kékeré yẹn, níbi oòrùn. Ẹni tó bá yí i, á dà bí abiyamọ. Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Máàṣì

Dókítà: dúdú. Máníjà yà wá kí wa, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ padà. “Bàbá, ṣé ẹ ti ń wo àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn báyìí ni?” Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ní kì í ṣe Àìkú ọ̀la, ní Àìkú tó tẹ̀lé e, òun á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, a ó gun òkè Ìdímù lọ́sàn-án. Tó bá kú, ó tán.

Lálẹ́, ọwọ́ kékeré náà ṣì wà níbi oòrùn.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Máàṣì

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

À ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkọ̀tún. Jámánì ń fà. Mo tẹ iná, kò gbọ́. Mo ti mọ̀ pé wọ́n ti tún débẹ̀. Mo ń ṣépè fún Máníjà nínú mi, mo ń ṣépè fún Dókítà. Ó ń rá kòrò bọ̀ sí oríta Ìdímù, ó ń wúkọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Aláìníbàtà na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.

Àtàǹpàkò rẹ̀ pupa.

Mo tẹ bíréèkì nítorí àtàǹpàkò yẹn, kì í ṣe nítorí nǹkan mìíràn. Mo rí i kí n tó rí oníbúrẹ́dì. Ọkùnrin náà wà níwájú mi gan-an, òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ti di kẹ̀kẹ́ mú, ó ń wò mí. Táyà wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà ni.” Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá.

Tó bá jẹ́ ibi oòrùn ni Jámánì wà ni…

Aláìníbàtà fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ká àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ inú ọwọ́, kó má baà kan sùtánà.

Ọjọ́ Ajé, 23 Máàṣì

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, mo wo káàdì Títí lára ògiri. Mo mọ̀ pé òjò dídì wà níbẹ̀. Mo bo ojú òsì, mo bo ojú ọ̀tún. Funfun lásán.

Ọjọ́bọ̀, 26 Máàṣì

Mo ra búrẹ́dì lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì yẹn. Ó rò pé mo fẹ́ bá a jà. Ó ní Ọláyíwọlá lorúkọ òun. Mo ní èmi náà lorúkọ, àmọ́ ó ti mọ̀ mí tẹ́lẹ̀. Búrẹ́dì rẹ̀ dùn, ó kàn le díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 29 Máàṣì

Kí Máníjà tó dé, mo lọ síbi ọkọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Aláìníbàtà kò tíì padà síbẹ̀. Mo ti dá a padà síbi oòrùn ní ọjọ́ Ajé, ibẹ̀ náà ló wà. Ó fi í sílẹ̀ fún mi. Mo fi ìka wá àwòrán náà, mo yí i síbi ìràwọ̀.

A gun òkè Ìdímù lọ́sàn-án, èmi àti Máníjà. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó dúró. Mo ti kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ kó tó yanu. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣí i wò.” Mo ní kò sí ohun tó fẹ́ wò níbẹ̀, ọkọ̀ burúkú ni, kó tà á fún ẹlòmíràn kó lọ máa yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ní kó máa wá gbé mi láràárọ̀ Àìkú, kó má pẹ́, n kì í dúró de dírẹ́bà.

Nígbà oúnjẹ, mo na ọwọ́ láti gba àwo lọ́wọ́ Aláìníbàtà. Mo ti gbàgbé osùn. Ó wo àtàǹpàkò mi. Ó wò ó pẹ́. Ó gbé àwo ẹran síwájú mi, èyí tó máa ń gbé fún ara rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ bí ẹni tó wá kí abiyamọ.

“Bàbá Gbénga,” ó ní, “ẹ kú ewu ọmọ.”