Ìhágún Dọ́káàsì Àyìnkẹ́, àti Ẹkún Ìyàwó Tí Mo Kọ Fún Odette

Èmi, Dọ́káàsì Àyìnkẹ́ Olútóyè, ọmọ Ẹjìgbò, opó Jòsáyà Olútóyè, tí mo ń gbé ní Adjamé nílùú Abidjan, tí mo sì ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù ní ọjà Roxy, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Ara mi le. Orí mi pé: bí ẹ bá da gbogbo bọ́tìnì inú ìsọ̀ mi pọ̀ sínú agbada kan, mo lè di ojú mi kí n sì ṣà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó gbé agbada wá.

Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi, kò sì sí ẹni tó ń bá mi di bírò mú. Mo sọ èyí nítorí àwọn kan nínú ẹbí tí wọ́n ṣì rò pé ìka ni mo ń tẹ̀. Kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí a ń ṣe nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa kò ṣòfò lórí mi. Ọ̀gbẹ́ni Àrìmíyàù tó ń tún rédíò ṣe ló kọ́ wa, ó sì sọ lójú gbogbo kíláàsì pé nínú àwọn ìyá àgbà, kò sí ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán bíi tèmi. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Òun ló sọ ọ́.

Marcel Olútúndé, àkọ́bí mi, àti Georgette, àbúrò rẹ̀, ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Georgette ni kó kà á sókè ní Yorùbá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ni kí Marcel wá sọ ọ́ ní Faransé fún àwọn ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni má fo ibì kan nítorí pé kò sí ẹrù níbẹ̀.

Ìgbéyàwó Odette, ọmọ Marcel, ló mú mi kọ ọ́ nísinsìnyí. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní tó ń bọ̀ ni. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin kì í fi ọ̀la yangàn. Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ikú mi dí lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. N ó dé ibẹ̀. Kí n kọ́kọ́ pín ẹrù.

1. Ilé mi ní Ẹjìgbò, tí èmi àti bàbá yín jọ kọ́, mo fi fún Marcel. Àdéhùn kan wà lórí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ ó kà á níwájú.

2. Ìsọ̀ mi ní Roxy, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, mo fi fún Georgette. Georgette, má máa dín owó òwú fún ẹni tó bá ṣáà ti rẹ́rìn-ín sí ọ. Ẹ̀rín kì í rán aṣọ.

3. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ mi, mo fi wọ́n fún Sidikatou tó bá wa pín àgbàlá. Ó ti pẹ́ tó ti ń búra pé òun yóò sè wọ́n lọ́jọ́ kan nítorí pé wọ́n ń ṣu sí ẹnu ọ̀nà òun. Wọ́n ti di tirẹ̀ báyìí. A ó wá wò ó bóyá yóò lè pa wọ́n, nítorí mo ti rí i tó ń fún wọn ní ìrẹsì nígbà tó rò pé mi ò sí nílé.

4. Dígí ojú mi àti àga mi nínú kíláàsì, kí wọ́n fún obìnrin tó bá wá sí gbọ̀ngàn tó sọ pé òun ti dàgbà jù. Kó jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ohun tó kù láti pín kò ní í yé yín bí mi ò bá sọ èyí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọge ní Ẹjìgbò, èmi ni àwọn ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ọkọ máa ń wá bá, kí n bá wọn to ẹkún ìyàwó wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ní ohùn, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ọ̀rọ̀ tò. N ó lọ sí agbo ilé ọmọ náà, n ó jókòó ti ìyá rẹ̀, n ó máa bá a bó ẹ̀gúsí títí n ó fi mọ ohun tí ọmọ yẹ kó dúpẹ́ lé lórí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé kan náà là ń wò kí a tó to ẹkún ọmọ. Bí ìyàwó bá dé ibi tí mo tò dáadáa, omijé gidi ni ìyá rẹ̀ ń da. Inú mi a sì máa dùn. Wọ́n ní mo gbéra ga. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ń gbéra ga. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kí ló fẹ́ gbé?

Ní 1947, bàbá yín tó ti wà níhìn-ín ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú mi wá. Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé wa dé ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Ìyá mi ti gbé kíjìpá tó hun lọ sọ́jà Ògbómọ̀ṣọ́. Awakọ̀ kò dúró. Èmi tí mo to ẹkún fún gbogbo àdúgbò, mo kúrò nílé bàbá mi láì sun tèmi, ìyá mi sì kú kí n tó tún dé Ẹjìgbò. Láti ìgbà náà mi ò to ẹkún kankan mọ́. Bí àwọn obìnrin ìlú wa bá bẹ̀ mí níhìn-ín, n ó ní ọjà kò jẹ́ kí n ráyè. Ọjà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Lọ́dún yìí, lẹ́yìn mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, Odette wá bá mi ní ìsọ̀. Àwọn ìyá Olújídé, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ti bi í ní ohun tí yóò sọ lọ́jọ́ tó bá ń kúrò nílé. Ó ní, “Mémé, ẹ kọ ọ́ fún mi. Mo gbọ́ Yorùbá, ẹnu mi ni kò yá. Ẹ ṣáà kọ ọ́, màá kọ́ ọ sórí, par cœur.”

Mo gbà. Mo rò pé bí ẹni ṣí ìkòkò ni. Mo jókòó, mo mú bírò, ohun tó jáde ni gbólóhùn inú ìwé kíláàsì wa: Bàbá ra bàtà. Mo tún jókòó lọ́jọ́ mìíràn, bàtà náà ni Bàbá tún rà. Ẹnu ń sáré bí ẹtu, bírò ń wọ́ bí ìgbín. Kí ìgbín tó dé, ẹtu ti wọgbó. Díẹ̀ ló kù kí n sọ fún ọmọ náà pé ọjà kò jẹ́ kí n ráyè.

Ọ̀sán kan ni òjò lé àwọn oníbàárà lọ. Mo ń ká òwú tó ti ta kókó, mo sì ṣàdédé gbọ́ tí ẹnu mi ń lọ. Ìgbà náà ló yé mi: ẹ̀gúsí ni mi ò rí bó. Ọwọ́ mi ní láti níṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó wá. Mo ń ká òwú, mo ń sọ ọ́. Bí ìlà kan bá dúró, èmi náà á dúró, n ó kọ ọ́ sẹ́yìn páálí tí wọ́n fi ń to bọ́tìnì. Báyìí ló bẹ̀rẹ̀:

Ìyá mi tó ń hun kíjìpá,
Òwú ṣì wà lórí òfì, ọwọ́ tó ń hun ún kò sí nílé.
Ọkọ̀ ń ké níta, awakọ̀ ń pariwo orúkọ mi.
Ta ni n ó kúnlẹ̀ fún kí n tó lọ?
Mo kúnlẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà,
Ẹnu ọ̀nà kò mọ ìre í sú.

Ìyókù kò kan yín.

Odette kà á díẹ̀díẹ̀, ó fi ìka tọ ọ́. Nígbà tó parí, ó ní, “Mémé, c'est beau, ó dùn. Ṣùgbọ́n ta lọmọ yìí? Ìyá mi ò hun aṣọ rí.” Mo fẹ́ bínú. Mo gba páálí náà, mo tún un kà, mo sì rí i pé òótọ́ lọmọ sọ. Wọ́n rán mi níṣẹ́ ẹkún ọmọ, tèmi ni mo jẹ́.

Mo wá mọ ohun tó kù. Mo ní láti lọ jókòó ti ìyá ọmọ náà.

Henriette, ìyàwó Marcel, ọmọ Àjàṣẹ́ ti Porto-Novo ni. Nígbà tí Odette kéré, mo bínú pé Faransé nìkan ni wọ́n ń bá a sọ. Henriette dá mi lóhùn pé, “Màmá, Yorùbá kọ́ ni wọn yóò bi í ní ilé ìwé.” Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé ilé wọn tí ó gbé oúnjẹ wá, n ó ní mo ti yó. Ebi a máa pa mí padà sí Adjamé.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ gbaka ní Riviera tí wọ́n ń gbé, tí mo kan ilẹ̀kùn, àyà rẹ̀ já. “Màmá, ṣé kò sí o? Ta ló kú?” Mo ní kò sí ẹni tó kú, kó fún mi níṣẹ́ ọwọ́. Ó gbé ẹ̀wà kalẹ̀, a jọ ń ṣà á. Mo bi í bí ó ṣe tọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní nígbà ọyẹ́, èémí a máa há Odette. Bó bá dùbúlẹ̀ kò ní í rí èémí mí, àfi kó pọ̀n ọ́n kó sì máa rìn. Nítorí ìyẹn ló ṣe fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní Plateau. Èmi rò pé ọ̀lẹ ni. Ìyàwó jókòó-jẹ ni mo ń pè é lẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Mo gbọ́ orúkọ yẹn nígbà náà, Màmá. Mo ní kí ẹ máa pè é. Ọmọ ṣáà ń mí.”

Mo jẹ àtíẹ́kẹ́ gbágùúdá tó sè lọ́jọ́ náà, mo sì ní kó bù sí i.

5. Nítorí náà, kíjìpá kan ṣoṣo tó kù nínú èyí tí ìyá mi hun, tí gbogbo yín mọ̀ pé mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, mo fi fún Henriette. Georgette, má fajú ro. Ìwọ ní ìsọ̀.

6. Ẹkún ìyàwó tí mo tún kọ, mo fi fún Odette, kí ó jẹ́ tirẹ̀ títí láé. Mo kọ ibi tó kan ìyá rẹ̀ síhìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má yí i padà:

Màmá mi Henriette, ọmọ Àjàṣẹ́,
Nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí àyà mi há,
Ẹ̀yìn yín ni mo fi ṣe ibùsùn.
Ẹ fi àga yín sílẹ̀ ní Plateau, kí n lè mí.
Èémí tí mo fi ń kí yín yìí, tiyín ni.
Ẹ súre fún mi kí n mí délé ọkọ,
Kí n mí, kí ọmọ mi náà mí.

Ohùn Odette ṣì ń yà sọ́nà Faransé níbì kan. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín, kí ẹ má sì háyà olórin tí yóò sun ún fún un. Bí mo bá kú kí ọjọ́ náà tó dé, kí ẹ sin mí, kí ẹ má sì sún ìgbéyàwó síwájú. Kí ẹnikẹ́ni má wí pé nítorí a ń ṣọ̀fọ̀, ẹkún ìyàwó kò ní í wáyé. Ilé tó ń ṣọ̀fọ̀ kò lè lé ẹkún jáde.

7. Àdéhùn orí ilé Ẹjìgbò nìyí. Marcel sọ fún mi pé, “Màmá, àwọn ará ọ́fíìsì mi máa wà níbẹ̀. Wọn ò ní í mọ ohun tí ọmọ ń sunkún sí.” Marcel, wọn yóò wo ojú ìyá rẹ̀, wọn yóò sì mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ Georgette. Bí o bá jókòó gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láì wo aago, kí ó fún ọ.

8. Páálí àkọ́kọ́, èyí tí mo kọ nípa ìyá mi, kò sí nínú ogún. Mi ò fún ẹnikẹ́ni. Bí ìgbéyàwó bá ti kọjá, n ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ẹjìgbò. Inú yàrá ìyá mi ni wọ́n sin ín sí. N ó kúnlẹ̀, bí orúnkún bá gbà, n ó sì sun ún. Àwọn ọmọ ilé yóò máa bi ara wọn pé ọkọ wo ni arúgbó yìí tún ń lọ fẹ́. Kí wọ́n máa bi ara wọn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Bí ikú bá sì ṣáájú bọ́ọ̀sì, kí ẹ fi páálí náà sínú pósí pẹ̀lú mi. Kí Georgette má wí pé òun yóò bá mi sun ún, kí Odette má wí pé òun ti mọ̀ ọ́n sórí. A kì í báni sun ẹkún ìyàwó. Èmi fúnra mi ni n ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, níbikíbi tí a bá ti pàdé.

Mo fọwọ́ sí i ní Adjamé, Abidjan, lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹwàá, ọdún 1995.

Dọ́káàsì Àyìnkẹ́ Olútóyè

Àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n rí mi bí mo ti ń fọwọ́ sí i:
Àrìmíyàù Sànní, olùkọ́ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà
Sàlímátù Kassim, akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì kan náà