Bàbá, Ẹnu Mi Ti Kọ Ògì

Bàbá mi àtàtà,

Òtútù ibí ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo ṣí fèrèsé kíṣìnì fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Atẹ́gùn wọlé, kò bu mí jẹ. Igi kan wà nísàlẹ̀ ilé wa tí mo rò pé ó ti kú, ó ti yọ òdòdó funfun. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé mi ò lè pè yín kí n sọ fún yín.

Nǹkan kékeré ni mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi ti kọ ògì.

Látìgbà tí Màámi ti kú, ẹ̀yin lẹ ń po ògì fún mi láràárọ̀ kí ẹ tó gbé ṣọ́bìrì lọ síbi iṣẹ́ bíríkìlà yín. Ẹ máa ń dà á láti inú ife kan sí èkejì, láti òkè, títí tí kò fi ní jó mi lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin náà á wá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó mu tiyín láìsọ̀rọ̀. Ṣúgà máa ń kó jọ sí ìdí ife. Ẹ kì í mu tiyín dé ibẹ̀, èmi lẹ máa ń gbé e fún.

Nígbà tí wọ́n pè mí pé ẹ ti lọ, òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Peckham nílùú òyìnbó níbí. Kí ọ̀sán tó pọ́n wọ́n ti sin yín, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Mo di fóònù mú, mò ń gbọ́ àdúà, mi ò rí yín. Lọ́jọ́ kejì mo lọ ra ògì tí wọ́n di sínú ọ̀rá ní ọjà Rye Lane. Mo pò ó, mo dà á láti ife sí ife. Mi ò dá a dúró látìgbà náà.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ òru ní ọsibítù kan ní Camberwell, ó ń ti àwọn aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù. Tó bá fi máa sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀, ògì á ti wà nílẹ̀. Á mu ún tán, á dúpẹ́, á lọ sùn. Ẹ mọ̀ mí, ojú ṣì ń tì mí. Mi ò tíì lè pe orúkọ ẹ̀. Ẹ gbọ́ ná ni mò ń pè é.

Ṣùgbọ́n ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí nǹkan mìíràn ti ń wù mí jẹ láàárọ̀. Búrẹ́dì tí wọ́n yan, tó ń ró tí èèyàn bá gé e jẹ. Ẹyin. Tòmátò tútù. Ògì á wọ ẹnu mi, kò ní lọ. Ẹ̀rù bà mí, Bàbá. Mo rò pé tí mo bá fi í sílẹ̀, kò sí ohun tí mo tún ń bá yín ṣe láyé yìí mọ́. Sàréè yín, mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ṣé torí pé oòrùn yọ ni ọmọ á ṣe gbàgbé bàbá ẹ̀?

Lánàá mo ṣọkàn gírí, mo bi ọkọ mi.

“Ẹ gbọ́ ná, tí mi ò bá po ògì lọ́la, ṣé ó máa dùn yín?”

Ó gbé ife kalẹ̀, ó wò mí. “Ṣé ọ̀fọ̀ ti parí ni?”

“Ọ̀fọ̀ wo?”

“Ògì ọ̀fọ̀ yìí náà ni. Ìyàwó, láti kékeré, mi ò kì í mu ògì. Mo rò pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀ nílé yín ni mo ṣe ń gbé e mì.”

Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Ó jókòó tì mí, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, kò lọ sùn.

Láàárọ̀ yìí a jẹ búrẹ́dì yíyan àti ẹyin. Ó dùn, Bàbá, mi ò lè parọ́ fún yín. Mi ò sì gbàgbé yín. Ọ̀rọ̀ kan ló kàn wọ̀ mí lọ́kàn tí kò jáde mọ́. Ọkọ mi fi gbogbo ìgbà òtútù mu ohun tí kò fẹ́ nítorí tèmi. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ògì ló ń wù yín mu lóòótọ́? Kí ló ń wù yín jẹ láàárọ̀, Bàbá? Gbogbo ọdún yẹn, mi ò bi yín rí.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín gan-an.